Ṣé ìdáríjì mi lè parí ẹjọ́ ọkọ mi?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. England là ń gbé. Ọkọ mi fún mi lọ́rùn, ó sì ti gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi. Ẹbí ní kí n kọ̀wé sí adájọ́ pé mo ti dárí jì í.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ó dùn wá pé ẹ̀yin ni wọ́n ń di ẹrù yìí lé lórí. Ìwé yẹn kò ní parí ẹjọ́. Ìjọba ló pè é, bí ọ̀ràn ṣe wúwo tó sì ni adájọ́ ń wò. Pé ọkọ yín ló ṣe é tún mú un wúwo sí i. Láti 2022, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni fífún ènìyàn lọ́rùn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, tàbí ó ti lù yín rí, ìyẹn ń fi kún un. Bó bá tètè jẹ́wọ́, nígbà àkọ́kọ́ tó fara hàn ní kóòtù, wọ́n lè yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú ìjìyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ìgbẹ́jọ́ gan-an bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni.

Ọrùn tí wọ́n fún kì í sábà ní àpá. Bí ohùn yín bá há, tí itọ́ ṣòro láti gbé mì, tàbí tí ẹyinjú ní ẹ̀jẹ̀ tó-tò-tó, ẹ sọ fún dókítà kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì lè sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ fẹ́ kọ bí ọ̀ràn náà ṣe pa yín lára fún adájọ́: oorun, iṣẹ́, ìbẹ̀rù.