Ẹwìrì, Ìkòkò àti Àpò Òfìfo: Ìbéèrè Yín Lórí Àwòrán Ilẹ̀ Flanders

Ìbéèrè (Ìkòròdú): Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ eléré ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ ṣe eré nípa àwọn alukẹ́mísì, ìyẹn àwọn tó ń wá bí wọn ó ṣe sọ òjé di wúrà láyé àtijọ́. A fẹ́ kí ìtàgé wa jọ ti àwọn ayàwòrán Flanders, ilẹ̀ tó wà ní Belgium lónìí. Èwo ni ká wò?

Ìdáhùn: Àwòrán alukẹ́mísì ti ayàwòrán Pieter Bruegel. Ọdún 1558 ló yà á. Philips Galle fín in sára bàbà, Hieronymus Cock sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlú Antwerp. Baálé ilé jókòó ti ààrò, ó ń ju owó ẹyọ sínú ìkòkò ìyọ́rin. Ìyàwó ń gbọn àpò owó tó ti gbẹ. Ẹnì kan tó dé fìlà aláwàdà ń fẹ́ ẹwìrì, ọ̀mọ̀wé kan sì ń nàka níwájú ìwé. Àwọn ọmọ ti gun inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò sóúnjẹ, ọ̀kan fi ìkòkò dé orí. Ẹ wá wo ojú fèrèsé: ìdílé yẹn kan náà ni wọ́n ń gbà sílé àwọn aláìní. Ẹ ya fèrèsé yìí sára aṣọ ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ má tan iná sí i títí eré á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí àwọn òǹwòran bá tètè rí i, ẹ ti ba ìtàn jẹ́.

Fún àwọ̀, ẹ wo ti David Teniers Kékeré (1610–1690): ilé aláwọ̀ ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má kó ìgò dídán jọ. Ìkòkò amọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ti fọ́, wọ́n wà nílẹ̀. Èédú ni wọ́n ń dá, nítorí náà ẹ má ya ahọ́n iná ńlá. Pípọ́n ni kó pọ́n. Ẹnu ẹwìrì gbọ́dọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ èédú, kì í ṣe sí ẹnu ìkòkò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ eléré ti ń ṣì í.

Ìbéèrè (Ẹpẹ́): Ohun onímú gígùn tí wọ́n máa ń gbé ka ààrò nínú àwọn àwòrán náà, ṣé ti àwọn tó ń sè ògógóró ni?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ kan náà ni. Ó ní ikùn tí wọ́n ń dáná sí, orí onímú tí oruku rẹ̀ (ooru ohun tó ń hó nínú rẹ̀) ń gbà jáde, àti ìgò tó ń gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ògógóró ní páìpù tó gba inú omi tútù kọjá. Ní ti àwọn alukẹ́mísì, afẹ́fẹ́ lásán ló sábà máa ń tu imú rẹ̀, nítorí náà oruku púpọ̀ ń ṣòfò. Amọ̀ tí wọ́n po mọ́ irun tàbí ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ń dí oríkèé. Bí iná bá gbóná lójijì, díńgí á là. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri ikùn rẹ̀ sínú iyanrìn, eérú tàbí omi. Bí wọ́n bá sì dí gbogbo rẹ̀ láìsí ibi tí oruku á gbà, á bú gbàù.

Wúrà kò lè tibẹ̀ jáde. Ìsè yìí kàn ń ya ohun tó ti dàpọ̀ sọ́tọ̀ ni. Prótónì (ẹyọ tín-tìn-tín tó wà láàárín átọ́ọ̀mù) 82 ló wà nínú átọ́ọ̀mù òjé, 79 nínú ti wúrà, iná ààrò kò sì lè kan ibẹ̀. Ọtí líle, òróró olóòórùn dídùn àti ásíìdì ni wọ́n rí gbà.