Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì àyíká ayé yẹn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní ẹ̀yin, bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ìbejì yín tó ti pé ọdún 11 fẹ́ fi ọdún kan gbáko yí ayé ká, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àyíká ayé kan ṣoṣo, tàbí kí ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń lọ. Mo rí i pé gbogbo àwọn tó ti dá yín lóhùn ló ń yin tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn. Òun ni àwa náà rà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kó gbogbo ọkọ̀ òfurufú tí ẹ ó wọ̀ yí ayé ká pọ̀ ni, àwọn ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bíi Star Alliance àti oneworld ló ń tà á. Kò lè ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ yín. Ẹ ó sọdá òkun Àtìláńtíìkì, ẹ ó sọdá Pàsífíìkì, apá kan náà ni ẹ ó sì máa kọrí sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, yálà ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Títí ibẹ̀, kò sí wàhálà. Èyí tí wọn kì í pariwo ni pé bí ẹ bá pàdánù ọkọ̀ kan péré nínú ètò náà, wọ́n lè fagi lé gbogbo èyí tó kù.

Ibẹ̀ ló ti há wa lọ́rùn. Tokyo la wà, Lima là ń lọ, Los Angeles la ó ti pààrọ̀ ọkọ̀. Kí a tó kúrò nílé ni mo ti bi ejẹ́ńtì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa pé ṣé a ò ní gba físà Amẹ́ríkà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màdáámù, ẹ kàn ń kọjá ni, ẹ ò ní jáde nínú èápọ́ọ̀tì." Títí di òní, inú ń bí mi sí ẹ̀rín yẹn. Ní Amẹ́ríkà, kò sí pé èrò kàn ń kọjá. Ìbáà ṣe wákàtí méjì péré lẹ fẹ́ lò níbẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ mìíràn, iwájú ìmígíréṣọ̀n lẹ ó gbà, nítorí náà físà di dandan, tàbí ESTA, ìyọ̀ǹda orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dípò físà, fún àwọn tí orílẹ̀-èdè wọn wà lára àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Iṣẹ́ tí ejẹ́ńtì ń gbowó lé lórí nìyẹn, kò sì mọ̀ ọ́n.

Ní èápọ́ọ̀tì Tokyo, ọmọbìnrin tó wà ní kàńtà ti so táàgì mọ́ àwọn àpótí wa kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Ó tún un tẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó tẹrí ba fún wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì ń gé àwọn táàgì náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbígbẹ̀yìn wa ti sùn lọ sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fà mí láṣọ: "Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n ń gé e?" Kí ni mo fẹ́ wí?

Èyí tó burú jù wá ni ti fóònù. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ní ejẹ́ńtì ló tà á, kí a lọ bá a. Ejẹ́ńtì ní ọwọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló wà. Nígbà tí a fi máa rí ẹni tó máa gbọ́ tẹnu wa, ọkọ̀ ti gbéra, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ò yọjú, gbogbo ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì náà, láti Lima títí dé ilé, ti wọmi. A ní kí a kúkú lọ gba físà ọ̀hún níbi tí a wà. Ní ẹ́ńbásì Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀ ṣì jìnnà, pé kí ló tilẹ̀ dé tí a ò gbà á níbi tí à ń gbé? Ẹni tó sọ ọ́ kò gbójú sókè wò wá. Ìgbẹ̀yìn ni pé a padà sẹ́yìn, a gba Doha bọ́ sí São Paulo, láti ibẹ̀ dé Lima. Owó tuntun pátápátá ni; bí tíkẹ́ẹ̀tì àyíká ayé kò bá tiẹ̀ wọmi, kò gbà kí èèyàn kọrí sẹ́yìn báyẹn.

Nítorí náà, bí páásípọ́ọ̀tì yín bá jẹ́ irú èyí tí ilẹ̀kùn ń ṣí fún fúnra rẹ̀, ẹ rà á, kò sí ìjà. Bí ó bá jẹ́ irú tiwa, tó máa ń kan ilẹ̀kùn títí, ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó fi sọdá àwọn òkun ńlá, kí ẹ fi ti àwọn ìrìnàjò kéékèèké sílẹ̀ títí físà yóò fi wà lọ́wọ́. Àléébù kan wà níbẹ̀: ní kàńtà, wọ́n lè ní kí ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó fi kúrò ní orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ hàn. Èyí tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà ni kí ẹ rà.

Ti físà, ẹ má rò pé ẹ lè gba gbogbo rẹ̀ tán nílé. Ti Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ yín bó bá ju oṣù 6 lọ sí ọjọ́ ìrìnàjò, ibi tí ẹ ń gbé lábẹ́ òfin lẹ sì ti gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí Yúróòpù ṣíwájú nínú ètò yín. Ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 ni wọ́n ń fúnni, gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen lápapọ̀ sì ni. Kì í ṣe 90 ní Faransé, 90 mìíràn ní Jámánì.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú: ó di ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á kí yẹ́lò káàdì tó ṣiṣẹ́. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní títí ọjọ́ ayé ló wà fún, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan ṣì bá mi jiyàn pé ọdún 10 ni. Ẹ tẹ òfin náà sórí pépà. Bí orúkọ ìdílé yín bá sì yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ bíi tèmi, ẹ mú ìwé ìbí wọn dání, kì í ṣe inú àpótí o. Ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n kan fi mí sílẹ̀, ó ń bi ọmọ mi pé ta ni obìnrin yìí.

Oṣù wo làwọn ìbejì ń pé 12? Láti ọjọ́ orí yẹn, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló ń gba owó àgbàlagbà lórí wọn, wọ́n á sì ní láti tẹ̀ka fún físà Schengen. Ẹ kọ oṣù náà síbí, pẹ̀lú gbogbo ìlú tí ẹ ó ti pààrọ̀ ọkọ̀, títí kan èyí tí ẹ kò ní sùn níbẹ̀.