WAEC àkọ́kọ́ bàjẹ́, ìṣègùn lo ṣì fẹ́ kà

Àbúrò tí WAEC rẹ̀ gbé F9 wá nínú físíìsì àti D7 nínú ìṣirò, tó ní òun fẹ́ tún méjèèjì nìkan ṣe: má dán an wò. Ìjókòó méjì nìyẹn máa di, ìyẹn èsì ìdánwò méjì tí a pa pọ̀, Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó (UNILAG) kì í sì í gba ìjókòó méjì fún ìṣègùn. GCE, ìyẹn WAEC àwọn tí kò sí nílé ìwé mọ́, ni kí o lọ forúkọ sílẹ̀ fún, kí o ṣe márààrún pa pọ̀: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì, bàọ́lọ́jì, títí kan èyí tí o ti ní B3 nínú rẹ̀. Èsì tuntun yẹn nìkan ni wàá gbé fún JAMB. Ìṣirò kò sí nínú UTME (ìdánwò JAMB) àwọn tó fẹ́ ka ìṣègùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pa á tì títí GCE á fi ku ọ̀sẹ̀ kan.

Àwa tó ń ṣe GCE kì í wọ yàrá àyẹ̀wò (lab) fún práktíkà físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì. Àyẹ̀wò orí ìwé ni, àwòrán àti tábìlì ni wọ́n á kó fún ọ, ibẹ̀ sì ni máàkì ti ń jò lọ. Bùrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi nínú kẹ́mísírì) tó dúró sí 15.30, má kọ 15.3. Ìwọ̀n tí kò jìnnà síra ju 0.20 lọ nìkan ni kí o fi wá àròpín. Lórí gíráàfù, má fi sẹ̀ǹtímítà kan ṣe 3 tàbí 7, ojú àmì á ṣì ọ́. Jẹ́ kí igun mẹ́ta tí o fi wá slope (bí ìlà ṣe dagun tó) tóbi ju ìdajì ìlà náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. UNILAG máa ń fi 8 pín UTME, post-UTME (ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe) gba 30, èsì WAEC gba 20: A1 jẹ́ 4, B3 jẹ́ 3.2, C6 jẹ́ 2. C6 márùn-ún, 10. B3 márùn-ún, 16. Máàkì 6 yẹn, 48 ló jẹ́ nínú UTME! Ṣé o rí i? Ìbàdàn ní tirẹ̀ kì í ka A1 tàbí C6 mọ́ ọn: UTME fi 8 pín, post-UTME fi 2 pín. Ẹni tó ní 280 àti 70 á ní 35 àti 35, ìyẹn 70. Nítorí náà, bí GCE bá tún kó C wá, Ìbàdàn ni mo ní kí o dojú kọ, kí o sì fi gbogbo agbára rẹ sí post-UTME.

Bí èsì bá ti jáde, lọ sí ibùdó CBT kí wọ́n gbé e sórí JAMB, kí o sì fojú ara rẹ wò ó nínú CAPS, ojú ìkànnì JAMB tí ìgbaniwọlé ń gbà. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, 320 pàápàá kò lè gbà ọ́ wọlé. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí orí fọ́ọ̀mù GCE gbọ́dọ̀ bá ti NIN mu.

Àwọn kan á ní kí o sá gba JUPEB, ètò ọdún kan tó ń múni wọ yunifásítì. Ó dáa, A mẹ́ta á fún ọ ní póìǹtì 16, ọdún kejì lo sì máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì béèrè krẹ́díìtì márùn-ún yẹn lọ́wọ́ rẹ, ní ìjókòó kan náà.