Ìbéèrè Yín Lórí Irun: Irun Japan Tó Bá Kimono Mu

Lẹ́tà márùn-ún ló wà níwájú wa lórí ọ̀rọ̀ kan náà lóṣù yìí, láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ti àkọ́kọ́ la dáhùn lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, torí òun ló bí àwọn yòókù.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà mi kan yá kimono, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Japan, láti fi ya fọ́tò ọjọ́ ìbí, ó ní kí n bá òun di irun àwọn ará Japan. Mo kó gbogbo irun rẹ̀ jọ sókè bíi ṣùkú, mo wá fi igi méjì gún un ní àgbélébùú. Nígbà tó wo dígí, ó ní òun ò rí Japan kankan níbẹ̀. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? — Onídìrí, Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ṣùkú lẹ dì, ẹ sì lè gba owó ṣùkú lórí ẹ̀. Àmọ́ nínú ṣùkú, irun máa ń lẹ̀ mọ́ orí títí tó fi dé òkè. Irun ìbílẹ̀ Japan, tí wọ́n ń pè ní nihongami, kì í lẹ̀ mọ́ orí. Ó máa ń wú jáde ní iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ìpàkọ́ kó tó lọ pàdé ní ojú kan. Ti iwájú ni maegami, ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lókè etí ni bin, ti ìpàkọ́ ni tabo, èyí tó jókòó sórí gbogbo wọn ni mage. Ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ń jẹ́ ne, ìyẹn gbòǹgbò. Ẹ̀yin ṣe mage nìkan, ẹ fo mẹ́ta yòókù.

Ẹ fi momoware bẹ̀rẹ̀. Irun àwọn ọmọge ni, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí èso píìṣì tó là sí méjì, òun ló sì rọrùn jù fún ọwọ́ tuntun. (Marumage ni ti obìnrin tó ti wọ ilé ọkọ láyé àtijọ́. Bí oníbàárà yín bá ti bímọ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa mú un nítorí momoware, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lè rẹ́rìn-ín.)

Irun tó ti nà ni kí ẹ lò, ì báà jẹ́ rìlásà ló nà án, ì báà jẹ́ wífọ̀n ni ẹ rán mọ́ ọn, kó gùn tó íǹsì 16. Ẹ fi ìrù kóòmù mú irun òkè orí tó fẹ̀ bí ẹnu ife tíì, kí ẹ so ó: gbòǹgbò nìyẹn. Láti mọ ibi tó yẹ kó wà, ẹ gbé kóòmù dúró ṣánṣán lẹ́bàá etí kó gòkè dé àtàrí, kí ẹ wá fi ìka méjì sún sẹ́yìn. Bó bá ga, á jọ ti ọmọge tàbí ìyàwó tuntun. Bó bá wálẹ̀, á jọ ti àgbà obìnrin. Ẹ má fi rọ́bà so ó. Rọ́bà máa ń nà, gbòǹgbò á máa yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ bá sì so mọ́ ọn á bá a lọ. Okùn bébà lílọ́ tí wọ́n ń pè ní motoyui ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, ìlú Iida ní agbègbè Nagano sì gbajúmọ̀ fún ṣíṣe é. Onídìrí á fi eyín di etí kan mú kó lè fà á le. Òwú dúdú tí ẹ fi ń kó irun á ṣe iṣẹ́ yẹn láìkù síbì kan. Ẹ wé e lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí méje, kí ẹ ta á ní kókó méjì.

Irun tó kù yí ká, ẹ pín in sí mẹ́rin: iwájú tó fẹ̀ ní ìka mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, àti ìpàkọ́ láti ẹ̀yìn etí kan dé èkejì.

Ìpàkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, torí ibẹ̀ ló máa ń bàjẹ́ jù. Ọwọ́ tó ti mọ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ á fẹ́ gbé irun láti ọrùn kó fà á gòkè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ya irun náà wálẹ̀ síhà ọrùn kó tẹ́jú, ẹ ká àtáṣìmẹ́ǹtì bí ìwọ̀n àtàǹpàkò, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irun wé e, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́, kí ẹ wá ṣẹ́ irun náà padà gòkè bò ó lọ sí gbòǹgbò, láìfà á, kó lè yọ ikùn sẹ́yìn. Ẹ so ó mọ́ gbòǹgbò. Ìsàlẹ̀ ikùn yẹn gbọ́dọ̀ fi ìka méjì ga ju ọrùn kimono lọ. Ìdí ni pé wọ́n máa ń fa ọrùn kimono sẹ́yìn títí tí ìkúùkù kan fi lè wọ àárín òun àti ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ọrùn ni kimono fi ń ṣe fáàrí. Bí irun bá bò ó, fáàrí ti tán, ìpara á sì ti yí aṣọ tí wọ́n yá.

Bákan náà ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: ìká àtáṣìmẹ́ǹtì kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó rí bí òṣùpá àbọ̀, tí ẹ fi píìnì kàn mọ́ orí kí ẹ tó bò ó. Ẹ ya irun jáde síta kó tó padà sẹ́yìn, kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan orí etí lásán. Ẹ dúró síwájú oníbàárà kí ẹ wò ó: bí apá kan bá fi ìka kan yọ ju èkejì lọ, kámẹ́rà á rí i. Iwájú kì í le. Ẹ gbé e sókè, ìká kékeré sábẹ́, ó parí.

Ó wá ku mage. Ìrù irun tó jáde láti gbòǹgbò, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ìpara pa á (bí ẹ ṣe máa po ó wà nísàlẹ̀), kí ẹ fi kóòmù tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bíi ríbọ́ọ̀nù tó fẹ̀ ní ìka méjì. Ẹ ká ti ọ̀tún sọ́tùn-ún, ti òsì sósì, kí ihò àárín wọn gba ìka mẹ́ta, kí ẹ fi ẹnu wọn pamọ́ sí gbòǹgbò. Ẹ fi ọwọ́ là wọ́n díẹ̀, kí ẹ ki aṣọ pupa sí àárín. Bí ihò bá ń dì pọ̀, irun náà kò tẹ́jú tó, ìpara rẹ̀ sì kéré. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Kí oníbàárà wọ ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì níwájú wá, torí ẹ̀wù tí wọ́n bá bọ́ gba orí á wó gbogbo iṣẹ́ yín.

Ẹ jọ̀wọ́, irun mi ò ju íǹsì 3 lọ, mi ò sì fẹ́ fi rìlásà nà án. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni? — Ọmọ Akárìgbò, Ṣágámù

Ẹ má gbàgbé ẹ̀. Àwọn ará Japan fúnra wọn ń fi irun kún irun: minoge ni èyí tí wọ́n ń so mọ́ gbòǹgbò kó lè gùn, sukige sì ni èyí tí wọ́n ń kì sábẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyàwó wọn lóde òní, wíìgì tí wọ́n ń pè ní katsura ni wọ́n ń dé.

Wíìgì ni ká bá yín ṣe. Kí onídìrí yín rán ìdì wífọ̀n mẹ́ta, íǹsì 18, mọ́ fìlà wíìgì lórí ère orí, kó sì di irun náà síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nílà tó kángun sí iwájú orí, kó rán wífọ̀n kí irun dojú kọ iwájú, kó tó wá ṣẹ́ ẹ padà sẹ́yìn. Ìyẹn ló máa bo ojú ìránṣọ. Ẹni tí irun rẹ̀ bá tó íǹsì 6 kò nílò wíìgì. Kó fi òwú kó o sùn mọ́jú, kó tú u láàárọ̀, kó yà á. Irun tiwa máa ń wú fúnra rẹ̀, nítorí náà iwájú àti ẹ̀gbẹ́ lè dúró láìkì ohunkóhun sábẹ́ wọn. Mage nìkan ni kó fi àtáṣìmẹ́ǹtì ṣe lọ́tọ̀, kó fi píìnì kàn án.

Òrí ni mo fi pa irun náà kó lè dán. Kò tó wákàtí kan nínú oòrùn tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi wó, tí òróró ń ṣàn sí etí ọmọge náà. — Onídìrí, Ìkẹ́nnẹ́

Òrí ló jẹ̀bi. Ooru ara nìkan tó láti yọ́ ọ, ká má tíì sọ oòrùn ọ̀sán. Ìpara àwọn ará Japan, bintsuke-abura, tí àwọn oníjàkadì sumo náà fi ń di irun, ìda ló mú un le. Inú èso igi haze ni ìda yẹn ti ń wá, ẹbí kan náà sì ni igi náà àti kájú àti máńgòrò. Ó ń fẹ́ ooru bí 50°C kó tó yọ́.

Ìda oyin á ṣe é fún yín, torí ó ju 60°C kó tó yọ́. Ẹ wọn ìda oyin ìdá kan sí òrí ìdá mẹ́ta, ẹ kó wọn sínú abọ́, kí ẹ gbé abọ́ náà sínú omi gbígbóná, kì í ṣe orí iná. Ẹ rò ó pọ̀, kó tutù. Ẹ mú èyí tó tó ẹ̀wà kan sí àtẹ́lẹwọ́: bó bá yọ́ kí ẹ tó fi ọwọ́ ra á, ẹ fi ìda kún un, bí ẹ bá ra á títí tó ṣì le gbagidi, ẹ fi òrí kún un. Ṣíbí tíì méjì tó fún odidi orí. Ẹ má fi jẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Òógùn máa ń tú jẹ́ẹ̀lì, èyí tó bá sì gbẹ á ṣí bí èépá funfun nígbà tí kóòmù bá kàn án.

Ẹ tún yẹ abẹ́ irun wò. Bí ẹ kò bá kan ìká náà mọ́ orí, kò sí ìda tó lè gbé e dúró.

Ọmọ mi ọdún 7 fẹ́ wọ kimono lọ́jọ́ àṣà ní ilé ìwé wọn. Ṣé igi ìjẹun méjì yẹn ni mo máa fi sí i lórí? — Ìyá Ọmọ, Ìpẹ́rù

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí igi ìjẹun wà nídìí oúnjẹ. Ohun ọ̀ṣọ́ orí wọn ń jẹ́ kanzashi. Òdòdó aṣọ ló yẹ ọmọdé, irú èyí tí àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 3 àti 7 máa ń fi sórí níbi àjọyọ̀ Shichi-go-san, ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá. Ẹ gé aṣọ tó ń dán sí igun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po ní ìgbà mẹ́ta kó lè ní ṣóńṣó, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ márùn-ún pọ̀, òdòdó kan nìyẹn. Mẹ́ta ti tó fún ẹ̀gbẹ́ kan, pẹ̀lú kóòmù kékeré níwájú mage. Irun ọmọ ọdún 7 kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó wọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń wọ kimono náà fún un, kí etí aṣọ tó wà lápá òsì ọmọ náà bo ti ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún lódì kejì.

Orí ń fọ́ mi láti ìgbà tí wọ́n ti dì í fún mi. Ṣé mo lè fi sùn? Báwo ni mo ṣe máa tú u? — Ìyàwó Tuntun, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ tú u lónìí. Orí fífọ́ túmọ̀ sí pé wọ́n fa gbòǹgbò le jù. Àwọn maiko ní Kyoto, ìyẹn àwọn ọmọge tó ń kọ́ iṣẹ́ ijó àti orin ìbílẹ̀, máa ń fi irun wọn sùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lórí ìrọ̀rí gíga tó ń gbé ọrùn sókè kí irun má kan ilẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ni irun àtàrí rẹ̀ ti já níbi tí wọ́n ń so. Nígbà tó di 1885, àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Japan láti gba àwọn obìnrin níyànjú pé kí wọ́n yé di irun ìbílẹ̀ yìí, torí ó nini lára, kì í sì í ṣeé fọ̀ déédéé.

Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo píìnì, kí ẹ kà wọ́n. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé òwú gbòǹgbò, ẹ má tú u. Kí omi tó kan irun, ẹ fi òróró àgbọn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra á, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, torí òróró ló ń tú ìda, omi nìkan kàn máa mú un le ni. Ẹ yà á láti ẹnu lọ sí ìdí pẹ̀lú kóòmù eléyín gbàràgàdà, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.