Ìpele èdè Japan wo ni àjèjì nílò kí ó tó lè rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀?

Ìpele N2 nínú JLPT, ìdánwò èdè Japan fún àwọn àjèjì, ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fi èdè Japan ṣiṣẹ́ máa ń béèrè. Ìpele márùn-ún ni ìdánwò JLPT ní: N5 ló rọrùn jù, N1 ló le jù. Ṣùgbọ́n JLPT kì í dán ọ̀rọ̀ sísọ wò, bẹ́ẹ̀ ẹnu ni wọ́n máa fi wádìí èèyàn wò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Ibi tó máa ń le ni keigo, èdè ọ̀wọ̀ wọn. Ó jọ “o” àti “ẹ” tiwa, àmọ́ tiwọn tún ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà: “taberu”, ìyẹn jẹun, á di “meshiagaru” tó bá jẹ́ oníbàárà ló ń jẹun. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ ṣá: láti 2012 ni Rakuten, ilé-iṣẹ́ ọjà orí ayélujára ní Japan, ti sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè iṣẹ́ wọn.