Èsì: Níbo la ti lè rí Journal officiel ayé Dahomey?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ ń wá òfin kan tí ìjọba gbé jáde ní 1967 nínú Journal officiel, ìwé tí ìjọba fi ń tẹ òfin jáde, ẹ ò sì rí i ní Kétu. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni kí ẹ wá. Ibẹ̀ ni Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè wà, ibẹ̀ náà ni Archives nationales wà, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Ilé-ìkàwé ń tọ́jú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde, bíi Journal officiel. Òfin dépôt légal ló ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ìwé ṣọwọ́ síbẹ̀. Fáìlì àti lẹ́tà àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ni ti Archives, títí kan ti ayé àwọn Faransé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé rèé: 1975 ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa yí padà. Fún ìwé 1967, Dahomey ni kí ẹ wí, ẹ má wí Bénin. Ẹ mú déètì tàbí nọ́ńbà òfin náà dání, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó kàn máa ṣí ìwé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ibẹ̀ lẹ ó ti kà á, ẹ ò ní gbé e lọ sílé. Mo fara mọ́ ìyẹn tọkàntọkàn, torí bébà àtijọ́ ń pọ́n, ó sì ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Àmọ́ ó ń dùn mí pé ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ wọkọ̀ kí wọ́n tó rí òfin ìlú wọn kà.

Ọ̀pọ̀ Journal officiel ayé amúnisìn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Gallica, ìkànnì ilé-ìkàwé orílẹ̀-èdè Faransé. Ti àìpẹ́ yìí wà lórí ìkànnì Secrétariat général du gouvernement, ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba wa. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín wá.