Àlùbọ́sà eléwé mi ń yọ ewé, àmọ́ kò ta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú oṣù kẹfà ni mo ra àlùbọ́sà eléwé lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ, mo gbìn ín sínú báàfù àtijọ́ kan lẹ́yìn kíṣìnì, mo da ìgbẹ́ adìẹ sí i dáadáa, àárọ̀ àlẹ́ ni mò ń bomi rin ín. Ewé ẹ̀ dúdú minimini, gbogbo ayálégbé ló ń yìn ín, ìgbà tí mo wá fà á tu, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀, àwọn míì ti jẹrà, ó ń rùn. Kí ni mo ṣe? — Mọ́mì Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ìkẹ́ ló pa á! Àlùbọ́sà kì í ṣe tẹ̀tẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ, pàápàá èyí tí kò tíì jẹrà tán, ewé ló máa ń tì jáde, ìsàlẹ̀ ò ní rí nǹkan kan gbà, òjò oṣù kẹfà tún wà lókè, ẹ̀yin náà tún ń bomi sí i, ẹ ò dẹ̀ sọ bóyá ẹ lu ihò sí ìdí báàfù yẹn.

Ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí ló fẹ́. Ẹ wo àwọn ará Anloga lápá Keta ní Gánà, láàárín òkun àti ọ̀sà níbẹ̀, orí yanrìn ni wọ́n ti ń gbìn ín, ó dẹ̀ ń ta fún wọn.

Ẹ dúró di ìparí oṣù kẹwàá tí òjò bá ti ń ká sẹ̀. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa. Ẹ ra èyí tó gbẹ tó sì le, ẹ ya àwọn ọmọ ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá tì wọ́n bọlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15 síra wọn, àmọ́ ẹ má rì í mọ́lẹ̀ o, kí ṣóńṣó orí ẹ̀ máa yọjú. Ọmọ kan ṣoṣo yẹn ló máa pín di mẹ́rin, márùn-ún, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tu koríko ibẹ̀, torí gbòǹgbò ẹ̀ ò jìn rárá, ọkọ́ á gé e.

Tó bá tó bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ewé á máa pọ́n, á máa ṣubú. Àwa obìnrin, ibẹ̀ gan-an la ti máa ń sáré gbé omi! Ẹ fi í sílẹ̀, ìgbà yẹn ló ń gbó. Ẹ hú u, ẹ sá a síbi ìbòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá fi ewé ẹ̀ so ó kọ́. Tó bá jẹ́ ewé lẹ fẹ́ fi din ẹyin, ẹ lè máa gé e díẹ̀díẹ̀, àmọ́ orí ẹ̀ ò ní tóbi.

Ilẹ̀ inú báàfù yẹn ńkọ́? Ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má tún gbin àlùbọ́sà sínú ẹ̀ o, ohun tó jẹ́ kó jẹrà ṣì wà níbẹ̀.